Ẹ Yí I Padà, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Stoma Tó Ń Jò

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, ohùn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ: báàgì ń jò, awọ ń bó, oorun ò wá. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn, ileostomy ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ìfun kékeré gba ara ikùn jáde, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máa ṣàn sínú báàgì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara. Ẹnu ìfun tó yọ síta, tó pupa, tó sì máa ń rin, òun ni stoma. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn tó ní stoma ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìn tì.

*Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti ṣe ileostomy fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kúrò ní ọsibítù, mo máa ń lo báàgì kan fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí wàhálà. Ní báyìí, kì í pé ọjọ́ kan kó tó jò, òru ló sì burú jù. Awọ tó wà nísàlẹ̀ stoma ti bó, ó ń ṣomi, ó sì ń ta mí. Mo ti ń lẹ táàpù yí i ká, mo tún ń fi ìpara pa awọ náà kí n tó lẹ báàgì mìíràn. Ìwọ̀n ihò tí wọ́n gé fún mi ní ọsibítù ni mo ṣì ń gé. Kí ni kí n ṣe? — Ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tó o sọ gbẹ̀yìn nípa ihò yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Stoma máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì máa ń sún kì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ihò tó ṣe wẹ́kú nígbà yẹn ti tóbi jù báyìí, awọ tó wà láàárín rẹ̀ àti stoma sì ti wà níta gbangba. Ohun tó ń ti inú ìfun kékeré jáde kì í sì í ṣe ìgbẹ́ lásán. Oje tó ń da oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀, òróòro ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì tíì kan ìfun ńlá tí ì bá fa omi rẹ̀ gbẹ. Oje yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ tó o jẹ àti awọ ikùn rẹ. Èyí tó bá bá pàdé ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí awọ ẹni tó ní ileostomy fi ń tètè bó ju ti ẹni tó ní colostomy lọ, nítorí ìfun ńlá ni wọ́n fà jáde fún ìyẹn.

Nítorí náà, wọn stoma rẹ lónìí. Ihò tó o máa gé sára flange, ìyẹn àlẹ̀mọ́ tó wà lẹ́yìn báàgì, kò gbọ́dọ̀ fi ju nǹkan bíi mílímítà 2 tàbí 3 tóbi ju stoma lọ. Bí stoma bá rí gbọọrọ, má gé e róbótó. Gbé ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, fi bírò ya etí rẹ̀, kó o sì gé àlẹ̀mọ́ bí ìyà náà ṣe rí.

Táàpù ńkọ́? Mi ò fẹ́ rí i mọ́. Ẹni tó ń gbé abọ́ sábẹ́ òrùlé tó ń jò kò tíì tún òrùlé ṣe. Táàpù ò dá jíjò dúró, ṣe ló ń sé ohun tó jò mọ́ abẹ́, kó lè ráyè jẹ awọ rẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ tó o bá ti gbọ́ tó ń ta ọ́ tàbí tó ń yún ọ lábẹ́ àlẹ̀mọ́, yọ ọ́, ì báà jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ni. Ìpara náà, gbé e sápá kan: awọ tó lọ́ràá kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀.

Èyí tí mo wá fẹ́ kó o fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Bó o bá yọ báàgì tó jò, má tíì jù ú nù. Yí i padà, kó o wo ẹ̀yìn àlẹ̀mọ́ rẹ̀. Wàá rí ibi tó ti rọ̀, tó ti yọ́, tí ìgbẹ́ ti tọ̀ kọjá. Gbé e sún mọ́ ikùn rẹ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wàá rí i pé ibẹ̀ gan-an ni awọ ti bó. Bó bá jẹ́ pé yí stoma ká ló ti yọ́, ihò ló tóbi, tàbí kó jẹ́ pé báàgì náà pẹ́ lára jù. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, bóyá nísàlẹ̀ níbi tí 6 máa ń wà lójú aago, á jẹ́ pé awọ ká sínú níbẹ̀, tàbí kòtò kan wà níbẹ̀. O ò sì ní rí kòtò náà bó o bá dùbúlẹ̀, torí ikùn máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Jókòó, tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó o gbé dígí síwájú ara rẹ. Mo ti rí àwọn tó ń pààrọ̀ oríṣi báàgì káàkiri tí wọn ò jókòó wo ikùn ara wọn rí.

Bó o bá rí kòtò náà, òrùka àlẹ̀mọ́ kan wà tó rọ̀, tó ṣeé fọwọ́ mọ. Já díẹ̀ lára rẹ̀, fi dí ojú ibẹ̀ kó bá awọ tó kù dọ́gba, lẹ́yìn náà kó o lẹ báàgì. Bó bá jẹ́ pé stoma rẹ ló tẹ́ sílẹ̀, tí kò yọ síta dáadáa, àlẹ̀mọ́ tó yọ ikùn sí ìhà ara ló máa bá ọ mu, pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀. Ìyẹn máa ń ti awọ wọlé kí ẹnu stoma lè yọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá ọ yàn án, torí èyí tó le jù lè pa awọ lára. Yíyọ síta yẹn ṣe pàtàkì gan-an: láyé àtijọ́, pẹrẹsẹ ni stoma máa ń wà lójú awọ, ìyà tó sì fi ń jẹ awọ kì í ṣe kékeré, títí di 1952 tí Bryan Brooke, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́ ẹnu ìfun padà sẹ́yìn, kí wọ́n sì rán an mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò. Sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ni wọ́n máa ń fẹ́ kó fi yọ síta, kí ohun tó ń bọ̀ lè já sínú báàgì láì kan awọ.

Awọ tó ti bó náà ńkọ́? Àárọ̀ kùtùkùtù ni kó o máa pààrọ̀ báàgì, kó o tó jẹun, torí ìgbà yẹn ni stoma máa ń dákẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ tó rọ̀ ti tó. Fi aṣọ gbà á gbẹ, má fi ra á. Wọ́n páúdà stoma díẹ̀ sí ibi tó ń ṣomi nìkan, kó o sì gbọn èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn dànù. Fín èròjà tó ń dáàbò bo awọ lé e, èyí tí kò ní sípíríìtì nínú, jẹ́ kó gbẹ, kó o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, lẹ báàgì, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, torí ooru ọwọ́ ló ń mú kó lẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí awọ bá ti gbẹ, jáwọ́ nínú páúdà. Bó o bá wọ́n ọn sí awọ tó ti sàn, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí báàgì lẹ̀.

Ti òru: tètè jẹun alẹ́, da báàgì nù kó o tó sùn, kó o sì jí lẹ́ẹ̀kan láti dà á. Má ṣe jẹ́ kó kọjá ìdajì láé. Bí jíjò bá dáwọ́ dúró, ọjọ́ mélòó kan ni awọ máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé tí kò yí padà, gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ, kó o sì mú báàgì tó jò náà dání sínú ọ̀rá. Ojú á fẹ́ tì ọ́. Mú un lọ bẹ́ẹ̀.

*Nọ́ọ̀sì, ẹ ǹ lẹ́ o. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Báàgì tèmi kì í jò, ṣùgbọ́n ara ń yún mi lábẹ́ rẹ̀, ó sì pupa. Ọ̀rẹ́ mi tí òun náà ní stoma sọ pé ara mi ló kọ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣé kí n yí irú báàgì padà? — Bàbá Àgbà*

Bàbá, ẹ kú àgbà. Mi ò ní kí ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní i o. Iṣẹ́ tiwa yìí gan-an, obìnrin kan tó ní ileostomy, Norma Gill, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Dókítà Rupert Turnbull ló gbà á síṣẹ́ ní Cleveland Clinic, Amẹ́ríkà, ní 1958, kó lè máa kọ́ àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ní ti gọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí pípupa náà ṣe rí.

Bí etí rẹ̀ bá bá etí àlẹ̀mọ́ mu gẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ yín jàre. Ẹ gé díẹ̀ lára àlẹ̀mọ́ tuntun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá kejì ikùn fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ náà á pupa. Bó bá jẹ́ pé ara sú wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká kọjá etí ibi tó pupa, fungus ni mo máa fura sí, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo antibiotic, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tàbí tí òógùn máa ń mú yín lábẹ́ rẹ̀. Dókítà máa fún yín ní oògùn rẹ̀. Ẹ ní páúdà lẹ fẹ́, kì í ṣe ìpara. Bó bá sì jẹ́ ìdí irun kọ̀ọ̀kan ló yọ kókó, abẹ ìfárun ló fà á. Ẹ fi ẹ̀rọ tàbí sísọ́ọ̀sì gé irun náà, kí ẹ má fá a kanlẹ̀ mọ́.

Àti pé ẹ má ya báàgì kúrò lára. Ọwọ́ kan ni kó máa ti awọ sẹ́yìn, kí ìkejì máa ṣí àlẹ̀mọ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá.

*Màmá, bàbá wa ní àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn, wọ́n sì ní ileostomy. Egbò kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ stoma. Etí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, kò sì tóbi rárá, àmọ́ bó ṣe ń dùn wọ́n pọ̀ jù fún ìwọ̀n rẹ̀. A ti wọ́n páúdà títí. — Ọmọ tó ń tọ́jú bàbá*

Ẹ má wọ́n nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú Crohn wọn láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó lè jẹ́ pyoderma gangrenosum, egbò kan tó máa ń yọ lára àwọn tó ní irú àrùn ìfun bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe jíjò ló ń fà á, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí, oògùn tó ń pẹ̀tù sí bí ara ṣe ń gbógun ti ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni gé etí rẹ̀ tàbí kó ha á kí dókítà tó mọ̀ ọ́n tó rí i, torí ó lè tóbi sí i.

*Ṣé mo lè wẹ̀ láìsí báàgì lára? Ṣé ọṣẹ ò ní pa á lára? — A. T.*

O lè wẹ̀. Omi ò ní wọlé. Ọṣẹ tí kò lọ́ràá, tí kò ní lọ́fínńdà, kò burú bó o bá ṣàn án dáadáa. Stoma ò ní iṣan tó ń gbọ́ ìrora, bó bá sì ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tó o ń nù ún, má jáyà. Ó lè ṣe tirẹ̀ sára rẹ láàárín ìwẹ̀ o, má sọ pé mi ò sọ fún ọ.

*Màmá Nọ́ọ̀sì, láti ọjọ́ kẹta ni ohun tó ń jáde ti di omi ṣoroṣoro. Báàgì ń kún, ó ń ṣí kúrò lára. Mo ń mu omi lójú méjèèjì kí ara mi má baà gbẹ, ṣùgbọ́n ṣe ló ń pọ̀ sí i. — Abíọ́dún*

Abíọ́dún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlẹ̀mọ́ lèyí. Ohun tó ń jáde lójúmọ́ sábà máa ń wà láàárín mílílítà 500 sí 1,000. Bó bá ti kọjá lítà kan àtààbọ̀, tó sì ń sún mọ́ lítà 2, omi àti iyọ̀ ara rẹ ló ń lọ, kò sì sí báàgì tó máa gbà á. Omi lásán tó ò ń mu wà lára ohun tó ń lé e jáde. ORS, ìyẹn omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sí, ni kó o máa mu ní díẹ̀díẹ̀, kó o dín omi lásán kù, kó o sì pe dókítà rẹ lónìí. Ó lè fún ọ ní loperamide láti mú kó ki. Má dá a lò fúnra rẹ kó o tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí ìtọ̀ rẹ ò pọ̀, tó sì dúdú, má dúró de ìpè, lọ sí ọsibítù. Lílọ náà ni bí nǹkan kan ò bá jáde fún wákàtí mélòó kan, tí inú sì ń lọ́ ọ, tàbí tí stoma bá di dúdú. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, títí wàá fi rí dókítà, wá ife ìwọ̀n kan, máa da báàgì sínú rẹ̀, kó o kọ iye rẹ̀ àti aago tó o dà á sórí ìwé. Ìwé yẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.