Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ idà anime tó dáa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí katana dúdú kan, idà àwọn ará Japan, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú anime, eré àwòrán àwọn ará Japan, ẹni tó ń tà á kọ "1060 steel, full tang, battle ready" sí i lára, àmọ́ owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ̀rù wá ń bà mí. Ṣé kò ní kán mọ́ mi lọ́wọ́? London ni mo wà.
— Àbúrò yín, Peckham

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, "battle ready" yẹn, ẹnu ọlọ́jà lásán ni. 1060 ló nítumọ̀, irin tí carbon inú ẹ̀ tó nǹkan bíi 0.6 nínú 100 ni, 1045 rọ̀ jù ú lọ, 1095 sì le jù ú lọ, òun náà ló máa ń tètè kán tí ẹni tó rọ ọ́ ò bá mọ iná lò dáadáa. Tí wọ́n bá ní stainless ni, ara ògiri ni kó o gbé e kọ́, má fì í rárá o, irin ọ̀bẹ ìdáná nìyẹn, tó bá ti gùn tó idà ó lè kán nígbàkigbà. Ti àwọ̀ dúdú yẹn, ọ̀dà ni lára ọ̀pọ̀ wọn, àkọ̀ á máa há a kúrò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àgbà ní kí ọwọ́ èèyàn kọ́kọ́ tẹ èkù idà kó tó bèèrè ikú tó pa bàbá ẹ̀, àmọ́ irú èkù yìí, ní kí wọ́n tú u wò ná. Ohun tí wọ́n ń pè ní full tang nìyí: irin ojú idà gan-an ló yẹ kó wọ inú èkù lọ, kó fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi èèkàn ọparun kan tàbí méjì dè é, o lè fi òòlù kékeré ti èèkàn yẹn jáde kí èkù sì bọ́. Àwọn olówó pọ́ọ́kú, ṣe ni wọ́n ń jó irin tín-ín-rín mọ́ ìdí ẹ̀, wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì dè é lẹ́yìn, ọjọ́ tó o bá fì í, ibi tí wọ́n jó yẹn lá já, ojú idà á fò lọ bá ẹni tó wà níwájú. Tí ọlọ́jà ò bá lè ya fọ́tò ibẹ̀ fún ẹ, má rà á.

Tó bá dọ́wọ́ ẹ, mì í, kò gbọdọ̀ máa ró ṣákaṣàka. Fi àtàǹpàkò ti okùn tí wọ́n wé mọ́ èkù, tó bá ń yẹ̀, iṣẹ́ ìkánjú ni. Awọ ẹja tó wà lábẹ́ okùn yẹn náà, tó bá jẹ́ ojúlówó, kókó ara ẹ̀ á tóbi níbì kan, á kéré níbòmíràn, ike ló máa ń rí bákan náà látòkè délẹ̀.

Àmọ́ London lo wà o! Láti April 2008, òfin ò gbà kí wọ́n ta idà tó tẹ̀ tí ojú ẹ̀ gùn tó 50 cm tàbí kí wọ́n kó o wọlé, àfi bíi èyí tí wọ́n fọwọ́ rọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ látijọ́, katana sì máa ń tó 70 cm. Èyí tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan yẹn, mi ò rò pé ọwọ́ ni wọ́n fi rọ ọ́. Tó bá jẹ́ cosplay, ìyẹn kéèyàn múra bí ẹni inú anime, lo fẹ́ fi ṣe, ra ti fọ́ọ̀mù, irin kì í sábà wọlé níbi àpéjọ wọn.