Kó o tó fọwọ́ kan ṣakabùlà bàbá àgbà yín

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní ṣakabùlà bàbá àgbà yín ṣì wà lára ògiri nílé yín ní Oǹdó, ṣé ẹ lè yìn ín níbi ìsìnkú màmá àgbà, àti pé bọ̀dá yín tó wà ní Texas fẹ́ fi ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Colt 1851 Navy ránṣẹ́ sí ẹ, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ bíi ti àtijọ́. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà níbí ní Àkúrẹ́, mo sì pẹ́ ní Amẹ́ríkà, mo ní irú Colt yẹn níbẹ̀, mo yìn ín gan-an, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan tíríga ìbọn yẹn. Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ni ẹ̀tù ṣì wà nínú ẹ̀, torí ọdẹ á kì í tán, ẹran ò ní jáde lóru ọjọ́ yẹn, á gbé e kọ́ pé ó di ìgbà míì, ibẹ̀ ló máa wà títí bàbá á fi sùn. Ẹ̀tù dúdú kì í kú tómi ò bá ti kàn án o! Lọ́dún 2008 ní Virginia, ọta àgbá kan, ìyẹn ọta ìbọn ńlá ogun, láti ìgbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bú gbàmù, ó pa ọkùnrin tó ń kó irú ẹ̀ jọ, bẹ́ẹ̀ 1865 logun yẹn parí. Wá ọ̀pá igi tín-ín-rín kan, má lo irin, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, má gbójú sókè ẹnu ìbọn rárá, rọra ti ọ̀pá náà wọlé títí tó fi máa dúró, sàmì sára ẹ̀ níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kó o wá fà á yọ kó o fi wọn ara ìbọn níta. Tó bá dé ibi ihò kékeré tíná ń gbà wọlé, ó ṣófo nìyẹn. Tí ò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú ẹ̀, pe alágbẹ̀dẹ tó mọ ìbọn wá sílé, má gbé e wọ mọ́tò.

Ní ti yíyìn ín, èmi ò ní yìn ín. Òmíràn nínú wọn, páìpù omi ni wọ́n fi ṣe é, ìpẹtà á sì ti jẹ ẹ́ láti inú wá tí o ò ní rí i níta. Ọdẹ kan tí mo mọ̀ lápá Ìdànrè tú ẹ̀tù inú katiríìjì sínú ṣakabùlà, ìdí ìbọn fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó pàdánù ìka. Ẹ̀tù katiríìjì lágbára ju ohun tírú irin yẹn lè gbà lọ. Ẹ bẹ ẹgbẹ́ ọdẹ tó níwèé àṣẹ kí wọ́n wá fi tiwọn yìn fún màmá.

Ti Colt yẹn ńkọ́? Sọ fún bọ̀dá yín kó má fi ránṣẹ́ rárá. Òótọ́ ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, òfin ọdún 1968 ò ka irú ẹ̀ mọ́ ìbọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń rò pé kò sí wàhálà. Níbí, òfin ìbọn ti 1959 to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀, ó tún dárúkọ ìbọn ìléwọ́ oníkẹ́ẹ̀pù (tí ìdérí kékeré tó ń ṣáná lẹ́yìn ẹ̀ ń tan ẹ̀tù) àti olókùúta (tí òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù) pàápàá. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tiẹ̀, ìyẹn ṣì ṣeé gbàwé àṣẹ fún.

Tó o bá lọ kí bọ̀dá yín ni kó o yìn Colt náà lọ́hùn-ún, wàá gbádùn ẹ̀. Ihò mẹ́fà ló ní, wàá da ẹ̀tù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá fi ọ̀pá abẹ́ ẹ̀ ti ọta òjé wọlé, òjé náà gbọ́dọ̀ fún débi tí ihò á fi gé etí ẹ̀ bí òrùka. Tí ò bá fún, tàbí tí kẹ́ẹ̀pù ẹ̀yìn bá ń mì, iná ihò kan lè ran èkejì, kí méjì mẹ́ta bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tá a jọ dúró, ìró ẹ̀ ò kúrò létí mi. Èmi máa ń fi òrí kun ojú ọta. Gbẹ́nu ẹ̀ sókè díẹ̀ tó o bá ń fa háámà, kí àfọ́kù kẹ́ẹ̀pù má bàa já sínú ẹ̀ kó há.

Lọ́jọ́ tó o bá yìn ín ni kó o fọ̀ ọ́, má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ tí ẹ̀tù fi sílẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́, kẹrosíìnì nìkan ò lè kó o. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, kó o nù ún gbẹ, kó o wá fi òróró pa á. Ti bàbá àgbà náà, tó bá ti dájú pé ó ṣófo, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́ padà, pàápàá lásìkò òjò.

Ya fọ́tò ìdí ṣakabùlà náà lórí ògiri tó wà yẹn, kó o fi síbí, kí n wò ó bóyá olókùúta ni àbí oníkẹ́ẹ̀pù.