Olú tí mo rí lórí òkè, ṣé tuntun ni?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, èmi àti àbúrò mi gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wa ní Ìfẹ́lódùn. Lábẹ́ igi ńlá kan la ti rí olú elésè-àlùkò kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn àgbà ilé ò mọ orúkọ rẹ̀, fóònù mi sì fún un ní orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo fọ́tò mẹ́rin tí mo fi ránṣẹ́. Ṣé irú tí ayé ò tíì mọ̀ ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé mo lè fi orúkọ ìyá mi pè é? (Ọmọ Olókè, Adéwọlé, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe. Nínú olú, èbu àti ìwúkàrà, nǹkan bí 150,000 ni àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 ní wọ́n á wà láàárín mílíọ̀nù 2.2 sí 3.8. Ṣùgbọ́n orí olú nìkan lo yà nínú fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpùrọ́ sì ni orí olú. Òjò kan á ṣí àwọ̀ rẹ̀, oòrùn ọjọ́ kejì á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ìyá ìyá mi ní Òmù-Àrán ló kọ́ mi ní olú kíká. Kì í jẹ́ kí n fà á tu: "Fi ọ̀bẹ gé e, má bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọbẹ̀ mi." Ewé ló sì máa fi ń pọ́n ọn. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ń bá àwọn olùkọ́ kan kó olú, mo rí ọ̀kan nínú igbó tó wà nísàlẹ̀ omi Òwu. Mo gé e bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gé, mo jù ú sínú ọ̀rá, mo wọkọ̀. Ká tó dé Ìdòfìàn, ó ti lami, ìdin ti ń rìn nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ mi ò bínú, ó kàn ní: "Ìdí rẹ̀ dà?" Ìdí rẹ̀ wà nínú igbó. Nídìí yẹn ni àpò kan máa ń wà nígbà mìíràn, bí èèpo ẹyin tó fọ́, àwọn olóró burúkú sì wà lára àwọn tó ní in. Nínú ohun méjì tí ìyá àgbà ń ṣe, mo di èyí tí kò yẹ mú, mo sọ ewé nù.

Nítorí náà, wú u tìdítìdí. Ya abẹ́ rẹ̀, kọ orúkọ igi tó wà nítòsí, gbóòórùn rẹ̀. Má jẹ ẹ́ o! Olóró kan wà tó lè gba wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹni, iná kì í sì í pa oró rẹ̀.

Nílé, gé ẹsẹ̀ ọ̀kan kúrò, da orí rẹ̀ dé bébà tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì rẹ̀ dúdú, fi abọ́ bò ó mọ́jú. Láàárọ̀, wàá rí lẹ́búlẹ́bú tó ti jábọ́, tó to ìlà-ìlà bí ìrin kẹ̀kẹ́. Àwọ̀ yẹn kì í purọ́. Olú funfun kan, Chlorophyllum molybdites, tó fẹ́ràn pápá koríko, jọ èyí tó ṣeé jẹ gan-an, àfi kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ jáde ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á di èrò ṣáláńgá. Sá àwọn yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí wọ́n gbẹ táútáú, kó wọn sínú bébà, kí o lọ béèrè ẹni tó mọ olú ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ní Yunifásítì Ìlọrin. Abala DNA kan tí wọ́n ń pè ní ITS ni wọ́n fẹnu kò sí lọ́dún 2012 láti fi dá irú wọn mọ̀.

O ní àwọn àgbà ilé ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin lo bi, àbí? Bi àwọn obìnrin tó ń ta olú. Ní Zambia, olú ọ̀gán kan wà tí orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Wọ́n ti ń tà á lọ́jà kó tó di pé wọ́n kọ orúkọ Termitomyces titanicus sílẹ̀ fún un lọ́dún 1980. "Tuntun" ò ju pé kò tíì sí nínú ìwé lọ.

Ti orúkọ ìyá rẹ, ẹni tó bá kọ àpèjúwe rẹ̀ ló ni ìsọmọlórúkọ, nítorí náà bẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà, tó bá jẹ́ pé Àìná ni ìyá rẹ ń jẹ́, á di "ainae". Àmì ohùn kì í wọ ibẹ̀, kí Màmá má bínú. Láti 2013, orúkọ náà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, olú gbígbẹ yẹn á sì wà ní ibi ìpamọ́ títí.

Ó ṣeé ṣe kó tún hù níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Mú ewé dání.