Iṣẹ́ tó kàn wà nínú áàpù tí o ń lò

Àbúrò mi, kú oríire. Àtúnṣe tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ sínú áàpù tí o ń lò lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe ohun kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lo tún kọ. O wá ń bèèrè bóyá kí o gbé iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, tàbí kí o lọ sí open source mìíràn, ìyẹn áàpù tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀ kó sì tún un ṣe, tó lórúkọ jù ú lọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Iṣẹ́ ńlá lèmi gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó sí Ìbarà níbí, l'Abẹ́òkúta, tí mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́, tí mò ń kọ kóòdù tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Mo fi pull request ránṣẹ́, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba kóòdù mi wọlé; ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìlà. Ọjọ́ kejì ni alábòójútó fèsì pé àwọn ti pinnu tipẹ́ pé àwọn ò ní gba ọ̀nà yẹn. Ó wà nínú issue kan, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n ti ń jíròrò ìṣòro áàpù, tí wọ́n ti pa dé; mi ò kà á. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ó dùn mí débi pé oṣù mẹ́rin ni mi ò fi ṣí GitHub, ìkànnì tí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ìwé gbèsè màmá mi ló dá mi padà. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú, mo sì ti fi áàpù open source kan sórí láptọ́ọ̀pù fún wọn láti máa kọ ọjà àti gbèsè sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n wá Ìyá Ṣọlá. Áàpù ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la sì jọ ń wo orúkọ obìnrin náà kedere, òun àti gbèsè yáàdì márùn-ún.

Ṣ yẹn ló fà á. Ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, jẹ́ U+1E62; ó sì lè jẹ́ S lásán tí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Orí fóònù ni màmá ti tẹ orúkọ náà, kíbọọ̀dù láptọ́ọ̀pù lèmi fi ń wá a. Bí áàpù bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìrísí kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, ó bùṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sáré fọwọ́ kan kóòdù. Mo ṣí issue, mo kọ orúkọ náà lọ́nà méjèèjì, mo bèèrè bóyá wọ́n á gba àtúnṣe. Wọ́n ní kí n ṣe é. Ìlà méjì péré ni. Ìdánwò rẹ̀ ló gba alẹ́ méjì, torí mo fẹ́ kí ẹ́ àti ọ̀ náà wà níbẹ̀: àwọn yẹn ò ní àmì kan ṣoṣo nínú Unicode rárá, àmì ohùn wọn á ṣì dá dúró lẹ́yìn NFC. Wọ́n gbà á. Ará Vietnam kan, tí ẹ àti ọ wà nínú èdè tiwọn náà, kọ̀wé pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń bá a yí.

Nítorí náà, má tíì kúrò níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Fi áàpù náà ṣe nǹkan gidi fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o máa tẹ Yorùbá tó lámì sí i. Ibi tó bá ti yọ ọ́ lẹ́nu, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o wá wo àwọn issue, èyí tó ṣí àti èyí tí wọ́n ti pa dé. Àwọn tí wọ́n lẹ "good first issue" mọ́, ìyẹn èyí tó rọrùn fún ẹni tuntun, dáa, ṣùgbọ́n èyí tí ogún èèyàn bá ti ń tọrọ, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Tí o bá rí ọ̀kan, fi hàn mí kí o tó kọ ìlà kan. Màá bá ọ kà á.