Ìbéèrè: Ṣé àgbo lè yọ́ àpò sílíkóònù tó wà nínú ọmú mi?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, ẹni ọdún 43 ni mí. Tọ́kì ni mo ti lọ ṣe ọmú mi, ó ti ń lọ sí ọdún 11 báyìí. Láti bí oṣù mélòó kan, tòsì ti ń le, ó tún ń gòkè ju tọ̀tún lọ, bí mo bá dojú bolẹ̀ sùn ó máa ń dùn mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tó bá ti pé ọdún 10 ó ti bàjẹ́ nìyẹn, pé ó ti ń di májèlé nínú mi. Mo wá rí ìyá kan nítòsí ọjà Òkè-Ajé tó ní òun ní àgbo àti ìpara tó máa yọ́ ọ, á bá ìtọ̀ jáde, èyí tó bá ṣẹ́ kù òun á fi abẹ́rẹ́ fà á. Mo ti san díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọ̀bẹ kàn mí mọ́, ọkọ mi ò sì mọ̀ sí i, mo ti ṣe é kí n tó pàdé ẹ̀. Ṣé gbogbo ẹ̀ lè parí kí Ojúde Ọba tó dé, torí wọ́n ti fẹ́ wọ̀n wá fún aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa?

Ìdáhùn:

Àǹtí mi, ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín, ẹ jẹ́ n fo ìyẹn, ó kọjá ohun tí oníṣẹ́ abẹ lè dá sí. Ohun tí mo mú nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ni pé ó ń le, ó ń gòkè, ó ń dùn yín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọdún 11 kọ́ lọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú irọ́ kékeré ká tó kan ńlá. Àpò ọmú, èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní implant, kò ní déètì lára bíi mílíìkì inú agolo. Kò sí ọjọ́ tó máa pé tí á yí padà di májèlé. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé dé sàréè, àwọn FDA tó ń mójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn l'Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé bó bá ṣe ń pẹ́ lára bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì máa padà sórí bẹ́ẹ̀dì ọpiréṣọ̀n nítorí ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọdún 15 tí nǹkan kan ò ṣe é, tí skáànù ẹ̀ dáa, a kì í tìtorí kàlẹ́ńdà la àyà ẹ̀. Àyẹ̀wò ni wọ́n ní kó máa ṣe, tó bá jẹ́ ti jẹ́ẹ̀lì sílíkóònù: skáànù tàbí MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yàwòrán inú ara, àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 5 sí 6 lẹ́yìn tí wọ́n fi sí i, lẹ́yìn ìyẹn kó máa tún un ṣe ní ọdún 2 sí 3 síra wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣe ọ̀kankan. Àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀ níhìn-ín wa, tó bá ti dáa nínú dígí, ó parí.

Ó yá, ìyá alágbo. Ibí yìí ni inú ti ń bí mi, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ́ máa kọ́kọ́ bi mí, bí mo bá ṣí fóònù ọ̀rọ̀ "yíyọ́" yìí ni mo máa bá níbẹ̀, ti àgbo, ti tíì, ti ìpara, ti abẹ́rẹ́, owó ẹ̀ ṣáà ń gòkè ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni àgbo máa gbà débẹ̀? Ohun téèyàn bá mu, ikùn ló ń lọ, á gba ìfun, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Àpò yẹn ò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá. Ẹ̀yìn ọmú ló wà, tàbí abẹ́ iṣan àyà, ẹ̀jẹ̀ ò sì ń ṣàn wọnú ẹ̀. Ara fúnra ẹ̀ tún ti hun awọ àpá kan yí i ká, gbogbo ẹni tó ní àpò ló ní awọ yìí, ẹ fi í sọ́kàn torí a máa padà dé orí ẹ̀. Lẹ́yìn awọ yẹn, rọ́bà àpò ló kàn, kó tó wá kan jẹ́ẹ̀lì. Irú rọ́bà sílíkóònù yìí náà la fi ń ṣe páìpù tinrín tí wọ́n máa ń fi sórí ọmọ tí omi kún ọpọlọ ẹ̀, èyí tó ń gbé omi náà lọ sínú ikùn. Ó ń wà lára wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ náà ń mu àgbo ibà, wọ́n ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìyá àgbà wọn ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, páìpù ò yọ́. Ti inú ọmú yín nìkan ló máa wá gbọ́ ti àgbo?

Wọ́n tún ní á bá ìtọ̀ jáde. Kídìnrín, ohun tó bá yòrò nínú omi ló ń sẹ́ jáde, sílíkóònù kì í yòrò nínú omi. Obìnrin kan gbé ìgò ike wá bá mi ní kílíníìkì, ó fi láílọ́ọ̀nù méjì wé e, ó ní dókítà ẹ wò ó, ó ti ń jáde. Nǹkan funfun kan tó ń fà ló wà nísàlẹ̀ ìtọ̀ yẹn. Mo da díẹ̀ sínú abọ́, mo bu omi lé e, mo rò ó, ó pòórá. Mo wá gé jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára àpò tá a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo jù ú sínú omi náà, mo rò ó rò ó, ó jókòó síbẹ̀, etí tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé ò tiẹ̀ yí padà. Ó wò mí, mo wò ó. Inú ìnfẹ́kṣọ̀n ni irú nǹkan funfun bẹ́ẹ̀ ti sábà ń wá. Ìtọ̀ tó bá sì ń hó tí ìfófòó ẹ̀ ò tètè lọ, ó lè jẹ́ pé kídìnrín ló ti ń jo, ohun tẹ́ ẹ sì ń mu láti fi yọ́ àpò lè jẹ́ ohun tó ń bà á jẹ́.

Ti abẹ́rẹ́ ló burú jù. Jẹ́ẹ̀lì òde òní ki, kì í gba ojú abẹ́rẹ́ jáde. Ohun tí abẹ́rẹ́ á ṣe níbẹ̀ ò ju kó lu àpò, kó sì kó kòkòrò wọlé. Tó bá jẹ́ àpò olómi iyọ̀ ni, lóòótọ́ omi á jáde, ọmú á wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì ki ìyá yẹn kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí tí abẹ́rẹ́ kó wọ̀ ọ́, a ṣì máa padà wá yọ ọ́ náà ni, èyí tó yẹ ká fi wọ́ọ́rọ́wọ́ ṣe, inú ọyún la máa ti ṣe é.

Mo mọ ibi tí irọ́ yìí ti wá o. Àwọn tó ń fa ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, ohun tí wọ́n sábà ń gún síbẹ̀ ni hyaluronic acid, abẹ́rẹ́ kan sì wà tó ń yọ́ ìyẹn lóòótọ́, hyaluronidase lorúkọ ẹ̀. Ẹnìkan gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan, ó bá gbé e wá sórí ọmú. Kò kàn sílíkóònù rárá. Àwọn tí wọ́n gún oje kan sí lọ́mú láìsí àpò, ọ̀rọ̀ tiwọn tún yàtọ̀, ó le ju èyí lọ torí oje yẹn ti wọ ẹran kiri, kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún un o, kí wọ́n wá sọ́sibítù.

Wọ́n á wá ní, ṣùgbọ́n dókítà, ti lágbájá rọ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn tí ìyá yẹn fi ìpara gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ó lè rọ̀. Àwa dókítà gan-an ti fìgbà kan máa ń fi ọwọ́ fún ọmú tó bá le títí awọ àpá yẹn á fi ya, a pa á tì torí ó ń bẹ́ àpò nínú, ẹ̀jẹ̀ ń dà síbẹ̀, ó sì tún máa ń padà le. Jẹ́ẹ̀lì tó bá bẹ́ kì í pariwo. Obìnrin lè máa gbé àpò tó ti ya kiri kó má mọ̀, kó máa sọ pé àgbo ṣiṣẹ́, MRI ló máa tú àṣírí ẹ̀.

Kí ló wá ń ṣe yín gan-an? Mi ò rí yín, mi ò fọwọ́ kàn yín, nítorí náà ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi yìí bí ẹni pé mo ti yẹ̀ yín wò. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé jọ pé awọ àpá yẹn ló ń sún kì, tó ń fún àpò. A máa ń kà á láti 1 dé 4, lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Baker: 1 àti 2, ẹ má dà á láàmú, 3, ó le, ìrísí ẹ̀ ti yí, 4, ó tún ń dùn mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó bẹ́ pẹ̀lú. Skáànù lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, MRI tọ́wọ́ yín bá ká a.

Kí ẹ tó kúrò nílé ẹ wá káàdì tí wọ́n fún yín ní Tọ́kì, èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà àpò, ẹ tú gbogbo báàgì. Ó ṣe pàtàkì. Àpò PIP láti ilẹ̀ Faransé, sílíkóònù tí kì í ṣe ti ìwòsàn ni wọ́n rọ sínú ẹ̀, wọ́n gbá a kúrò lọ́jà lọ́dún 2010, ìjọba ibẹ̀ sì gba àwọn obìnrin wọn nímọ̀ràn lọ́dún 2011 pé kí wọ́n yọ ọ́. Ọdún 2019 náà ni ilé-iṣẹ́ Allergan kó àpò BIOCELL tiwọn padà, àwọn tí ara wọn ṣe gbágungbàgun, torí irú àpò bẹ́ẹ̀ la ti sábà ń rí jẹjẹrẹ kan tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú awọ àpá, BIA-ALCL. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. FDA gan-an ò ní kí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe lọ yọ ọ́. Àmì ẹ̀ ni kí ọmú kan ṣàdéédéé wú, kí omi gbára jọ sínú ẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tí tiyín bá jẹ́ wíwú bẹ́ẹ̀, omi yẹn gbọ́dọ̀ dé ilé àyẹ̀wò fún CD30, àmì tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ yẹn, kẹ́nikẹ́ni tó yọ nǹkan kan. Ìyá alágbo á fi abẹ́rẹ́ fà á dànù sínú korobá.

Tó bá wá di pé a máa yọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa yàn. A lè yọ ọ́ ká má fi nǹkan kan pààrọ̀ ẹ̀, ọmú á rọ̀ wálẹ̀, awọ ẹ̀ á hunjọ díẹ̀, àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó sì rọrùn jù. A lè yọ ọ́ ká gé awọ tó pọ̀jù ká gbé ọmú sókè, lọ́jọ́ kan náà tàbí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. A lè fi tuntun pààrọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ kíkà nìyẹn, ọdún á tún pé. Ẹ̀yin tẹ́ ò fẹ́ ọ̀bẹ mọ́ yìí, tó bá jẹ́ àbúrò mi ni yín, màá ní kẹ́ ẹ yọ méjèèjì, kẹ́ ẹ má pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ máa gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àfi dandan kí wọ́n yọ àpò àti awọ àpá lódidi láìtú u. Torí jẹjẹrẹ la ṣe ń ṣe ìyẹn. Fún ọmú tó kàn le, dókítà ló máa wo èyí tó yẹ kó gé kúrò, torí awọ yẹn lè lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, ẹni tó bá ń fi tipátipá ṣí i lè lu àyà, kí afẹ́fẹ́ wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣe é ni èyí, ó gba tíátà àti dókítà apàmọ̀lára, kì í ṣe iṣẹ́ sàlúùnù. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní Ṣágámù, ẹ béèrè oníṣẹ́ abẹ tó mọ ti àtúnṣe ara, bí kò bá sí, wọ́n á kọ lẹ́tà fún yín lọ sí UCH n'Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó. Ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ dìde. Gbogbo àgbo tẹ́ ẹ ti mu, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú, òmíì nínú wọn kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ tètè dá. Tí ọmú bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà dé tàbí tí ọyún ń jáde, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ dé ọsibítù.

Ti Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, Iléyá ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú-Òde, tó bá kan rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a ò rí yín bá wí, àwa Rẹ́mọ ti gbà fún yín. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ò ní gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ọmú ò sì ní tíì dúró sójú kan fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ sọ fún télọ̀ yín kó fi àlàfo sílẹ̀ nínú bùbá yẹn, kó má tíì rán an pa. Tí ọjọ́ bá ti súnmọ́ jù, tí skáànù ò sì fi ewu hàn, ẹ jó tán kẹ́ ẹ tó wá.

Ẹ má fi fọ́tò ọmú ránṣẹ́ sí mi o, fọ́tò káàdì yẹn lẹ máa mú dání wá. Owó tẹ́ ẹ san sílẹ̀ fún ìyá Òkè-Ajé, ẹ lọ gbà á padà, tí kò bá dá a padà, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.