Ewé tó ń bu nínú ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí ní Àgbádárìgì. Èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi ń kó ewéko etí ọ̀sà jọ, ká lè mọ gbogbo èyí tó wà níbí, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń bu nínú ìwé. Àwọn ọmọ Ègùn tún ní orúkọ tiwọn. Orúkọ ta ni ká kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Orúkọ méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì kọ èdè àti àdúgbò tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó. Igbó tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá níbì kan, Awólọ́wọ̀ ni níbòmíì. Chromolaena odorata kan náà ni, bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe ń pè é. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ rí ojú-oró, màá ní kẹ́ ẹ mú un wá kí n wò ó. Ní 1984 ni water hyacinth olódòdó aláwọ̀ àlùkò gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì, àwọn kan sì ń pe òun náà ní ojú-oró. Ojú-oró gidi kì í yọ òdòdó tó hàn.

Omi ló ń mú ewé yín bu. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kì í ṣe ìwé dídán, kì í sì í ṣe ọ̀rá. Ẹ fi páálí sí àárín, pátákó sókè àti sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi okùn dì í le. Láràárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà, títí yóò fi gbẹ. Ti inú omi ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó léfòó nínú abọ́, ẹ ti ìwé bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mú ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso. Ohun tí gbígbẹ máa pa rẹ́ ni kẹ́ ẹ tètè kọ: àwọ̀ òdòdó, òórùn, oje, gíga igi. Mo kó ẹ̀ka mẹ́ta wá láti Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n ò kọ ibi tí mo ti ṣẹ́ wọn. Ọ̀gá mi sọ wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí lójú mi. Inú bí mi nígbà yẹn.

Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ gbé ìkejì lọ sí ibi ìkó-ewéko Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tàbí ti iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, tó ní ewéko gbígbẹ tó ju 100,000 lọ. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, láti sọ irú ewéko tó jẹ́.