Ìdí tí ata inú ike fi ń tẹ̀ síhà fèrèsé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí ata tí ẹ gbìn sínú ike ní Súrùlérè fi ń na ọrùn síhà fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní auxin máa ń ti orí ọ̀mùnú sọ̀kalẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, auxin á sún sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, ibẹ̀ á sì gùn ju òdìkejì lọ, ni igi ata bá tẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1880 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Darwin àti Francis ọmọ rẹ̀ ti fi ìdérí bo orí ọ̀mùnú koríko, tí kò sì tẹ̀ mọ́. Ẹ máa yí ike náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo ṣe ń ṣe efinrin mi ní Èbúté Mẹ́ta nìyẹn.